Dúró Ládiípọ̀

Dúródọlá Dúróṣọmọ Dúróoríkẹ́ Timothy Àdìsá Ládiípọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dúró Ládiípọ̀, jẹ́ olùkọ́, olórin, òǹkọ̀wé eré àti òṣèré orí ìtàgé ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà, láti ìlú Òṣogbo. Òun ni ó kọ eré Ọba Kò So, òun náà ni ó sì máa ń ṣe Ṣàngó nínú rẹ̀. Ní ọdún 1962, ó sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di Mbari Mbayo, ilé àṣà tí àwọn àgbà àti ọ̀dọ́langba tí kò rí yunifásítì lọ ti ń gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Inú ẹ̀kọ́ kúkúrú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣọ̀nà tí a mọ̀ mọ́ Òṣogbo lónìí ti jáde. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Ẹrẹ̀nà, ọdún 1978.

Ìbí àti ìgbà èwe

Ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀pẹ ni wọ́n bí Ládiípọ̀ sí Òṣogbo. Àwọn ìwé kan kọ ọdún 1926, àwọn mìíràn kọ ọdún 1931. Joseph Oní Ládiípọ̀ ni bàbá rẹ̀, Dorcas Tòwóbọlá Àjíkẹ́ sì ni ìyá rẹ̀. Orúkọ àbíkú ni mẹ́ta nínú àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: kí ọmọ náà dúró jẹ ọlá, kí ó dúró ṣe ọmọ, kí ó dúró rí ìkẹ́.

Olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Nítorí náà, orin ìjọ ni Ládiípọ̀ kọ́kọ́ mọ̀, nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ni etí rẹ̀ sì ti kọ́kọ́ là sí ohùn dídá. Baba-ńlá rẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ onílù àti ẹlẹ́sìn Ṣàngó. Láàárín ìran méjì péré, ìlù ti kúrò nínú ilé náà, Bíbélì àti ìwé orin ti gba ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ nílẹ̀ Yorùbá lákòókò náà. Ọmọ tí ó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lè mọ ìwé dáadáa, kí ó má sì mọ oríkì ìdílé rẹ̀. Ohun tí ó bọ́ sọnù yìí ni Ládiípọ̀ wá padà lọ kọ́ nígbà tí ó ti di àgbà.

Iṣẹ́ olùkọ́

Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, Ládiípọ̀ di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ náà ní ìlú tí ó ju ẹyọ kan lọ. Ó dé Kaduna ní Àríwá pàápàá, níbi tí ó ti bá wọn dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀, kí ó tó padà sí Òṣogbo. Kò lọ sí yunifásítì. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó fi ń jẹun. Orin àti eré ni ó ń ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìgbà náà ti ń ṣe.

Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí wọ́n bí ní Òkèmẹ̀sí-Èkìtì ní ọdún 1925, jẹ́ olùkọ́ kí ó tó di ọ̀gá òṣèré, Òṣogbo ni òun náà sì fi ṣe ibùjókòó. Hubert Ògúndé, tí ó ṣáájú àwọn méjèèjì, ti ṣe olùkọ́ àti ọlọ́pàá rí. Eré tí ó ṣe fún ìjọ ní Èkó ní ọdún 1944 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ òkìkí rẹ̀. Ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ ni ìtàgé àkọ́kọ́ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kàǹtátà Àjíǹde

Ní ọdún 1961, Ládiípọ̀ kọ kàǹtátà kan fún ọdún Àjíǹde ní ìjọ All Saints, Òṣogbo. Ó fi àwọn ìlù ilẹ̀ Yorùbá tí ń fọhùn sí i. Èyí bí àwọn kan nínú ìjọ nínú. Lójú wọn, ìlù òrìṣà ni ìlù wọ̀nyí, kò sì yẹ kí a gbọ́ ohùn wọn nínú ilé Ọlọ́run. Wọn kò fẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe kékeré fún ọmọ olùkọ́ ìjọ. Ìjọ ni ó kọ́ ọ ní orin, ìjọ ni ó fún un ní akọrin àti èrò ìwòran, ìjọ náà ni ó sì wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí ó fi ẹ̀kọ́ náà ṣe. Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀: kí ó yọ ìlù kúrò, tàbí kí ó wá ibòmíràn tí orin náà yóò gbé máa dún. Ọ̀nà kejì ni ó gbà. Ní ìparí ọdún náà, wọ́n ṣe kàǹtátà Kérésìmesì rẹ̀ ní ilé Mbari tí ó wà ní Ìbàdàn.

Ẹ̀kọ́ àgbà àti ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú Ulli Beier

Ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ láti dé Ìbàdàn ni Ulli Beier, ará Jámánì, òṣìṣẹ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ọdún 1950 ni Beier dé sí Nàìjíríà láti wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ìró èdè. Kò pẹ́ tí ó fi kúrò nínú ọgbà, tí ó sì bọ́ sí ẹ̀ka tí ń gbé ẹ̀kọ́ yunifásítì lọ bá àwọn ará ìlú ní ìta. Àwọn olùkọ́, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń wá síbẹ̀. Wọn a ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, wọn a jókòó gba ẹ̀kọ́ nípa ìtàn, ìṣèlú tàbí lítíréṣọ̀. Ẹ̀kọ́ náà kì í sọ ẹnikẹ́ni di oníwèé-ẹ̀rí gíga. Ìmọ̀ ni wọ́n ń wá wá. Iṣẹ́ yìí mú Beier gbé ní Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo, ó sì sọ ọ́ di ojúlùmọ̀ àwọn ọba, onílù, arẹ́gbẹ́ àti agbẹ́gilére.

Lọ́dún 1961, Beier àti àwọn òǹkọ̀wé ọ̀dọ́ bíi Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe àti J. P. Clark dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Èdè Ìgbò ni orúkọ náà ti wá. Ilé tí àwọn ará agbègbè Owerri máa ń mọ, tí wọ́n sì ń fi ère amọ̀ kún fún ọlá Ala, òrìṣà ilẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ilé Mbari, wọ́n ń ṣe eré, wọ́n ń pàtẹ àwòrán, wọ́n sì ń pe àwọn oníṣọ̀nà láti ilẹ̀ òkèèrè wá kọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́.

Ìdásílẹ̀ Mbari Mbayo

Ládiípọ̀ rí ilé Ìbàdàn náà, ó sì fẹ́ irú rẹ̀ sí Òṣogbo. Kò ní owó láti fi kọ́ ilé tuntun. Ohun tí ó ní ni ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Popular Bar. Òun àti Beier sọ ọ́ di ibi ìṣeré àti ibi ìpàtẹ àwòrán, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Ẹrẹ̀nà, ọdún 1962. Eré Ládiípọ̀ tí ó ń jẹ́ Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí i. Ìtàn Aláàfin Abípa ni eré náà dá lé, ọba tí ó fẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà láti Ìgbòho sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ padà rán àwọn ènìyàn lọ ṣe bí iwin kí wọ́n lè dẹ́rù bà á, ṣùgbọ́n ọba mú àwọn iwin náà.

Orúkọ ilé náà kò pẹ́ kí ó tó di ti Òṣogbo gan-an. Etí àwọn ará ìlú kò gbọ́ Mbari bí ọ̀rọ̀ Ìgbò. Wọ́n gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó túmọ̀ sí pé bí ènìyàn bá rí ohun kan, inú rẹ̀ yóò dùn. Wọ́n fi ìyókù kún un, ó sì di Mbari Mbayo. Ìyípadà yìí ju ọ̀ràn orúkọ lọ. Ilé Ìbàdàn jẹ́ ti àwọn òǹkọ̀wé àti ọ̀mọ̀wé. Ti Òṣogbo wà láàárín ìgboro, níbi tí àwọn ìyálọ́jà, awakọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ ti lè yà wọlé.

Àwọn ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀

Lára ohun tí Mbari Mbayo ṣe ni ẹ̀kọ́ ìgbà díẹ̀ lórí iṣẹ́ ọnà. Denis Williams, oníṣọ̀nà ọmọ ilẹ̀ Guyana, ni ó darí ti ọdún 1962 àti 1963. Ní ọdún 1964, Georgina Beier, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó darí èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gbà. Kò sí ìdánwò àtiwọlé, wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìwé mélòó ni ó kà. Wọ́n fún ẹni tí ó wá ní ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti ohun tí yóò kùn, wọ́n sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀.

Èyí yàtọ̀ sí bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ iṣẹ́ agbẹ́gilére a máa lo ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti ọdún 1947, níbi tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahoney, ti kó àwọn agbẹ́gilére jọ láti ṣe ère àti ilẹ̀kùn fún ilé ìjọsìn. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, ṣe ọ̀gá níbẹ̀, Làmídì Fákẹ́yẹ sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó wá sí Ọ̀yẹ́ wá kọ́ iṣẹ́ tí yóò máa ṣe jẹun. Ẹni tí ó wá sí Mbari Mbayo lè ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, tàbí kí ó má ní iṣẹ́ rárá. Ó kàn wá wo ohun tí ọwọ́ òun lè ṣe ni.

Lẹ́yìn tí ọjọ́ ẹ̀kọ́ pé, Georgina Beier kò fi àwọn tí ó ṣe dáadáa sílẹ̀. Ó yan díẹ̀ nínú wọn, ó fún wọn ní àyè láti máa ṣiṣẹ́ lọ, ó sì ń wo ohun tí ó bá ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan mu. Kò fi ọ̀nà kan náà kọ́ gbogbo wọn. Àwọn kan gbẹ́ àwòrán sára nǹkan pẹlẹbẹ, wọ́n sì fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Òmíràn ha àwòrán sára irin pẹlẹbẹ. Òmíràn to òkúta wẹ́wẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti wá. Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ náà kí wọ́n tó di ayàwòrán ní ìgbà ẹ̀kọ́ Williams. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ni ó ń bójú tó iná orí ìtàgé. Nígbà tí ó yá, òun ni ó mú ìlẹ̀kẹ̀, tí a ti ń fi ṣe adé ọba láti ìgbà láéláé, lọ sínú àwòrán. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, jẹ́ òṣèré àti onílù. Ó di ayàwòrán, ó sì tún di olùkọ́ ìlù ní yunifásítì Ifẹ̀. Táíwò Ọláníyì, tí ó sọ ara rẹ̀ ní Twins Seven-Seven, jẹ́ oníjó tí ó bá olóògùn kan kiri dé Òṣogbo. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO fi í ṣe oníṣọ̀nà àlàáfíà. Adébísí Fábùnmi náà wà lára wọn.

Ipa ti Ládiípọ̀ nínú èyí ni pé ó dá ilé náà sílẹ̀, ó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó sì ní ẹgbẹ́ tí ó kó àwọn ọ̀dọ́ náà jọ. Òṣèré tí ó ń kùn àwòrán lọ́sàn-án lè wà lórí ìtàgé lálẹ́. Bí àwòrán kò bá tà, owó eré ń bẹ. Bí eré kò bá sí, àwòrán ń bẹ.

Ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́: Ọba Kò So

Ní àkókò kan náà tí àwọn mìíràn ń kọ́ àwòrán kíkùn, Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ di akẹ́kọ̀ọ́. Orin Ọba Mọ́rọ̀ ṣì sún mọ́ orin ìjọ. Bí ó ti fẹ́ kọ eré nípa Ṣàngó, ó rí i pé òun kò mọ Ṣàngó tó. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ó jẹ́ olùkọ́, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní ọ̀gá. Síbẹ̀, ó lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn onílù bàtá, ẹlẹ́sìn Ṣàngó, babaláwo àti àwọn tí ń sun ìjálá. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé kà. Lọ́dọ̀ wọn ni ó ti kọ́ oríkì, ọfọ̀ àti bí ẹsẹ̀ ti ń dá ìlù lóhùn.

Èso ẹ̀kọ́ náà ni Ọba Kò So, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Mbari Mbayo ní ọdún 1963, nígbà tí ilé náà pé ọdún kan. Nínú eré náà, Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, ní ológun méjì tí agbára wọn ti pọ̀ jù, Gbọ̀ńkáà àti Tìmì. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ kí ó lè dín agbára wọn kù, ó sì tún fi àwọn méjèèjì kọlu ara wọn. Gbọ̀ńkáà borí, ó padà wá dojú kọ ọba. Nínú ìbínú, Ṣàngó ṣe àwọn ènìyàn tirẹ̀ ní jàǹbá, wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì wọ igbó lọ. Àwọn tí ó kù sẹ́yìn kò gbà pé ọba wọn so. Wọ́n ní ó ti di òrìṣà. Bàtá gba ipò tí dùùrù ìjọ ì bá gbà, oríkì sì gba ipò orin ìjọ.

Ní ọdún 1964, wọ́n gbé eré náà lọ sí àjọ̀dún ìṣeré ní Berlin, ní Jámánì. Ní ọdún 1965, wọ́n gbé e lọ sí àjọ̀dún àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1975, wọ́n ṣe é káàkiri ní Amẹ́ríkà. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é níbi gbogbo. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi oyè MON dá Ládiípọ̀ lọ́lá. Lára àwọn eré rẹ̀ mìíràn ni Ẹ̀dá àti Mọremí. Ó tún kópa nínú fíìmù Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun ṣe ní ọdún 1976.

Ládiípọ̀ nìkan kọ́ ni àgbà òṣèré tí ó padà di akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Kọ́lá Ògúnmọ́lá náà lo oṣù mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ eré ṣíṣe ti yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ àjọ Rockefeller. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ní ọdún 1963 ni Lánkẹ́ Ọ̀mu, tí ó dá lórí ìwé Amos Tutùọlá. Ti Ògúnmọ́lá àti ti Ládiípọ̀ lòdì síra: ọ̀kan lọ kọ́ ìmọ̀ ìtàgé lọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, èkejì lọ kọ́ ìmọ̀ ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí kò kàwé. Méjèèjì ni ó jèrè.

Àríwísí

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yin ẹ̀kọ́ Òṣogbo. Àwọn oníṣọ̀nà tí ó lo ọdún mẹ́rin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria kò gbà pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ lè sọ ènìyàn di ayàwòrán. Àwọn mìíràn ní ojú òyìnbó ni ó yan ohun tí ó dára, owó òyìnbó ni ó sì ń rà á. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ náà kò tẹ̀síwájú, àti pé àwọn kan ń da àwòrán ẹlòmíràn kọ nígbà tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ náà kò ṣe ìlérí pé gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ni yóò di ọ̀gá. Ohun tí ó fún wọn ni ànfààní láti dán ọwọ́ wò. Wọ́n tún ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo: ìlù, ijó, ìtàn àti oríkì ti wà lára wọn láti ilé àti láti orí ìtàgé.

Ìgbẹ̀yìn ayé àti ikú

Ìdílé Beier kúrò ní Nàìjíríà nígbà tí ogun abẹ́lé ń bọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dúró. Ládiípọ̀ ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì ń ṣe eré lórí tẹlifíṣọ̀n. Abíọ́dún, ìyàwó rẹ̀, ni ó máa ń ṣe Ọya lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣàngó rẹ̀. Nígbà tí Ládiípọ̀ kú ní ọjọ́ 11 oṣù Ẹrẹ̀nà, ọdún 1978, kò tíì darúgbó. Abíọ́dún Dúró-Ládiípọ̀ ni ó gba ẹgbẹ́ náà, tí ó sì mú eré náà tẹ̀síwájú.

Ogún tí ó fi sílẹ̀

Wọ́n ṣì ń ka Ọba Kò So ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń ṣe é lórí ìtàgé. Àpẹẹrẹ ilé rẹ̀ náà kò parẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, yunifásítì dá ibùdó Orí Olókun sílẹ̀ láàárín ìlú ní ìparí ẹ̀wádún náà, níbi tí àwọn ará ìlú àti àwọn ọ̀mọ̀wé ti jọ ń ṣe eré, orin àti àwòrán. Ní Òṣogbo, Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé, tí ó ti fi ìgbà kan jẹ́ ìyàwó Twins Seven-Seven, dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ọdún 1983, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn, pàápàá àwọn obìnrin tí kò ní iṣẹ́, ní aṣọ rírẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn láìgba owó.

Dúró Ládiípọ̀ kò ní oyè yunifásítì, àwọn tí ó ti Mbari Mbayo jáde kò sì gba ìwé-ẹ̀rí kankan níbẹ̀. Ilé ọtí kan ní ìgboro Òṣogbo àti ọjọ́ díẹ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní. Iṣẹ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé lónìí, ìlù tí wọ́n kọ̀ nínú ìjọ ní ọdún 1961 sì dún ní Berlin ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà.